Ìbọn Bàbá Ọdẹ àti Àkúfọ́ Igbá

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, Bàbá Ọdẹ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, máa ń gbé àkúfọ́ igbá kọ́ ara ọ̀pẹ kan lẹ́yìnkùlé wọn ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, wọn a sì yin ìbọn ṣakabùlà sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá bà á lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn a wọ igbó. Bí ó bá tàsé, ìbọn náà kò ní kúrò nílé. Àwọn olóko àti ọmọ wọn ń gba ọ̀nà igbó yẹn kọjá; ọdẹ tí kò mọ ibi tí ọta rẹ̀ yóò bà, ẹ̀mí ènìyàn ló fi ń ṣeré.

Láti Òṣogbo ni mo ti máa ń lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí mo máa ń wò jù ni ìdérí igò kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù. Wọn kì í fojú díwọ̀n. Ẹ̀tù tó bá lé díẹ̀ yóò ti èjìká sẹ́yìn, yóò sì gbé ẹnu ìbọn sókè. Èyí tó bá dín, ọta rẹ̀ yóò wálẹ̀ kí ó tó dé ibi àmì. Èyí tó rin ńkọ́? Ìyẹn a máa lọ́ra kí ó tó bú, ọwọ́ ọdẹ a sì ti yẹ̀ lójú àmì.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ṣakabùlà níwọ̀n. Inú ọ̀pá rẹ̀ jọ̀lọ̀, ọta kò sì fún mọ́ ọn. Bí ó ti ń jáde ni ó ń gbá ara ọ̀pá lọ́tùn-ún lósì. Nígbà Ogun Kírìjì, tí Ọ̀gẹ́dẹ̀ngbé Agbógungbórò ti Iléṣà ń ṣe olórí ogun Èkìtìparapọ̀, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé, èyí tí à ń ki láti ẹ̀yìn, tí kì í ṣe láti ẹnu. Wọ́n gbẹ́ ilà yíká-yíká sínú ọ̀pá rẹ̀, ilà náà sì ń mú kí ọta máa pòyì bí òkòtó. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé òkòtó tó ń pòyì kì í ṣubú. Dídún ìbọn ni a fi sọ ogun náà lórúkọ. Ọdún 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà.

Lónìí, àwọn tí ń fi ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ díje ní Amẹ́ríkà ṣì ń tẹ̀lé òfin ìdérí igò náà. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ẹ̀tù tú jáde ni ó ń ti irin sẹ́yìn kí ọta mìíràn lè wọlé, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí a sì máa gbọn ìbọn. Nítorí náà, wọn a tún un ṣe kí ibi tí ọwọ́ ń dì mú má ṣe kan ọ̀pá. Wọn a ra ọta tí ìwọ̀n wọn bára mu. Wọn a mú kí irin tí ìka ń fà rọ̀, nítorí èyí tó le a máa yẹ ẹnu ìbọn. Lẹ́yìn náà, wọn a rọra mí, wọn a dúró jẹ́ẹ́, wọn a fà á. (Èmi kò fọwọ́ kan ìbọn rí, ìyá mi kò ní gbà.)

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá Ọdẹ tàsé lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta. Wọ́n nu ọ̀pá ìbọn, wọ́n wọn ẹ̀tù mìíràn, wọ́n tún tàsé. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n fi etí aṣọ nù ún, wọ́n sì wo igbá náà títí.

“Ìbọn ò ṣe nǹkan kan,” ni wọ́n wí.

Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri. Ọwọ́ ọmọ wọn ni ìdérí igò náà wà báyìí.