Awọ Fẹ́lẹ́ Inú Ikùn

Ẹni tó bá ti dúró ti alápatà nígbà tí wọ́n ń la ikùn àgbò Iléyá yóò ti rí i: kí ọwọ́ tó kan ìfun, awọ kan wà níbẹ̀ tó fẹ́lẹ́, tó ń dán, tó sì lómi lára. Irú rẹ̀ wà nínú èèyàn náà. Peritoneum ni àwọn oníṣègùn ń pè é.

Ikùn tí awọ yìí wà nínú rẹ̀ ní ààlà tirẹ̀. Lókè, iṣan pẹlẹbẹ tí a fi ń mí ló pààlà sáàárín àyà àti ikùn. Ọ̀pá ẹ̀yìn wà lẹ́yìn, iṣan ikùn wà níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìsàlẹ̀ sì wọ àárín egungun ìbàdí lọ. Apá kan awọ yìí lẹ̀ mọ́ ara ikùn yíká. Apá kejì ṣẹ́rí padà, ó wé mọ́ àpòlúkù, ẹ̀dọ̀ àti ìfun, bẹ́ẹ̀ ẹyọ awọ kan náà ni. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó awọ ara wa látòkè délẹ̀. Omi díẹ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni kì í jẹ́ kí ìfun kékeré, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 6, ha ara rẹ̀ bó ti ń yí tọ̀sán-tòru. Ẹ̀yìn awọ náà ni kíndìnrín wà ní tirẹ̀.

Láti etí àpòlúkù ni ọ̀rá kan ti so rọ̀ bí àwọ̀n bo ìfun níwájú. Bí ibì kan nínú ikùn bá wú tàbí tó lu, ọ̀rá yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ kí ìdọ̀tí má bàa tàn ká.

Awọ tó wé mọ́ ìfun kì í mọ̀ bí a bá gé e. Ìgbà tí ìfun bá fẹ̀ jù ló ń dunni, irora náà kì í sì í lójú kan. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ara ikùn mọ ojú ibi tó ń dùn ún. Ìdí nìyí tí irora apẹ́ńdíìsì fi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àyíká ìdodo, kó tó lọ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

Táífọ́ọ̀dù tí a kò tọ́jú lè lu ìfun. Ohun inú rẹ̀ yóò dà sórí awọ yìí, ikùn yóò le koko, aláìsàn kò ní fẹ́ yíra padà. Àgbo kò lè dí ihò náà, oògùn ìyàgbẹ́ yóò sì dá kún un. Iṣẹ́ abẹ ló kù. Ẹni tí ikùn rẹ̀ bá le bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sọ pé ó di ọ̀la.