Ìwé tí ọmọ yín nílò kó tó lè ṣe máásítà nínú ààbò orí kọ̀ǹpútà

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, bí a bá ti parí àsàlátù, àwọn òbí kan kì í ṣàìfà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ọmọ àwọn ti gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ó ní ẹ̀ka cyber security lòun fẹ́ fi ṣe máásítà, èló ló máa ná àwọn? Owó kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè. Ṣé ìwé ọwọ́ ọmọ náà á jẹ́ kí wọ́n gbà á wọlé? Kí ìdílé má lọ ta ilẹ̀ tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ìwé ò pé.

Ẹ̀kọ́ yìí dá lé bí a ṣe ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà àti ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ olè. Kì í ṣe àjèjì sí àwa Mùsùlùmí o. Al-Kindi, onímọ̀ ará Bagdad ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, ló kọ ìwé tó pẹ́ jù lọ nínú èyí tí a mọ̀, tó ṣàlàyé bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ àṣírí nípa kíka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ yọ. Ìṣirò ni. Ọmọ tó bá ń sá fún ìṣirò, kó tún inú rò.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè dìgírì kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ọn, pẹ̀lú second class, àwọn mìíràn tilẹ̀ fẹ́ second class upper. Kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀, kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ní HND sábà máa ń ṣe PGD ná. Ìwé NYSC tàbí ti ìdásílẹ̀ náà wà níbẹ̀, àti ìwé olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó mọ ọmọ náà dáadáa.

Transcript ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Ilé-ìwé àtijọ́ ló ń fi í ránṣẹ́ tààrà sí ilé-ìwé tuntun, wọn kì í gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Ó lè gba oṣù mélòó kan. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ta fọ́ọ̀mù kí ẹ tó béèrè fún un.

Ní ìlú Ọba, ọdún kan ni máásítà sábà máa ń gbà. Àwọn yunifásítì kan ń gba Gẹ̀ẹ́sì WAEC dípò IELTS. Láti January 2024, ẹni tó bá lọ ṣe máásítà tí kì í ṣe ti ìwádìí kò lè mú aya, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Kí tọkọtaya jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó san kọ́bọ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan owó èlé lè gbìyànjú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bíi Chevening, PTDF tàbí ti Islamic Development Bank. Chevening fẹ́ ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, ó sì ní kí ẹni tó bá jàǹfààní padà sílé fún ọdún méjì.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kù, àwa Mùsùlùmí ni èyí sì ń bá jù. Rukayat ló wà lórí WAEC, Ruqayyah lórí dìgírì, Rukayyah Àlàájà Lágbájá lórí páásípọ́ọ̀tù lẹ́yìn nikáhì. Lójú ẹni tó ń yẹ ìwé wò, ènìyàn mẹ́ta nìyẹn. Kí ọmọ náà kó gbogbo ìwé rẹ̀ síta lónìí, kó fi wọ́n wéra. Bí wọn ò bá bára mu, kó lọ búra ní kóòtù, kó kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kó sì tọ́jú ẹ̀dà méjèèjì pẹ̀lú àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀.