Ọwọ́ Aládùúgbò Ló Kọ́kọ́ Ń Dé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì fi òtítọ́ òwe yìí hàn. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1940, àwọn ọkọ̀ òfuurufú ogun Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ òjò bọ́ǹbù lé ìlú Lọ́ńdọ̀nù lórí. Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ni ìkọlù náà gbà kí ó tó rọlẹ̀, ó sì ràn dé ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn. Àwọn ará ìlú tó bá a lọ lé ní 40,000. Òru ni bọ́ǹbù sábà máa ń já, òfin kò sì gbà kí iná kankan hàn síta. Dókítà kò lè wà ní gbogbo òpópó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó kọ́kọ́ ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ilé wó lù ni aládùúgbò rẹ̀. Bí aládùúgbò náà bá mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ẹ̀mí lè là. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹkún nìkan ni yóò máa sun.

Ìmọ̀ tó gba ẹ̀mí là ní òru wọ̀nyẹn kò ṣàdéédé wá. Láti ọdún 1877 ni ẹgbẹ́ St John Ambulance ti ń kọ́ àwọn ará ìlú ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹgbẹ́ tó wá di Red Cross ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà láti ọdún 1870. Nígbà tí ìjọba rí i pé ogun mìíràn ń rú èéfín bọ̀, wọ́n ṣe òfin ní ọdún 1937 pé kí ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo múra sílẹ̀ de ìkọlù láti òfuurufú. Nígbà tí ogun dé ní 1939, Red Cross àti St John pa ọwọ́ pọ̀ di ọ̀kan. Àwọn olùkọ́, òǹtajà, akọ̀wé àti ìyàwó ilé ń jáde lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn láti lọ jókòó ní kíláàsì. Ẹ̀kọ́ náà pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀: ìtọ́jú pàjáwìrì, àti ìtọ́jú aláìsàn nínú ilé.

Nínú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, wọ́n kọ́ wọn bí a ti í yọ eruku àti àfọ́kù kúrò lẹ́nu ẹni tí wọ́n hú jáde lábẹ́ àwókù, kí èémí lè rọ́nà gbà. Wọ́n kọ́ wọn láti tẹ ojú egbò mọ́lẹ̀ ṣinṣin kí ẹ̀jẹ̀ dúró, láti fi igi gbe eegun tó ṣẹ́ kí wọ́n tó gbé ẹni náà, àti láti fi aṣọ onígun mẹ́ta di orí, èjìká tàbí orúnkún. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, wọ́n a fi ọ̀já so apá tàbí ẹsẹ̀ náà le koko lókè ojú egbò, wọ́n a sì kọ lẹ́tà T sí iwájú orí ẹni náà. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀já tó bá pẹ́ jù lè ba ẹ̀yà ara náà jẹ́. Dókítà tó bá rí lẹ́tà náà yóò mọ̀ pé ìtọ́jú ẹni yẹn kò gbọdọ̀ falẹ̀. Àmì kékeré bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò ń rán sí dókítà.

Ẹ̀kọ́ kejì kò ní ariwo nínú, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn dá ọ̀pọ̀ aláìsàn padà sílé kí àyè lè wà fún àwọn tí bọ́ǹbù yóò ṣe léṣe. Ẹrù ìtọ́jú wọn bọ́ sí ọrùn ará ilé. Nítorí náà, wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti í pààrọ̀ aṣọ ibùsùn láì gbé aláìsàn kúrò lórí rẹ̀, bí a ti í yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà kí ara rẹ̀ má baà bó, bí a ti í wọn ìgbóná ara, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, àti bí a ti í fọ ọwọ́ kí àìsàn ẹnì kan má baà di ti gbogbo ilé.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú iṣẹ́ yìí. Ọmọọba Adenrele Ademola, ọmọ Aláké Ẹ̀gbá, Ọba Ladapo Ademola Kejì, kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di nọ́ọ̀sì tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1941, nígbà tí ogun ṣì ń jà. Ita Ekpenyon, olùkọ́ kan láti agbègbè Calabar, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò St Marylebone nígbà ìkọlù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn kan nínú ibi ìsádi fẹ́ kí àwọn àlejò láti ilẹ̀ mìíràn jáde. Ó dá wọn lóhùn pé ibi ìsádi náà wà fún gbogbo ènìyàn, àti pé ẹni tí kò bá lè fi ìfẹ́ bá ẹlòmíràn gbé ni kí ó jáde. Kò sí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì tó ga ju èyí lọ: ẹ̀jẹ̀ kì í béèrè èdè kí ó tó dà.

Ìmọ̀ a sì máa yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun náà, oògùn kan tó ń mú ojú iná gbẹ le bí awọ ni wọ́n ń fi sí ara ẹni tí iná jó. Kí ogun tó parí, àwọn dókítà ti rí i pé ó ń ṣe ìpalára, wọ́n sì pa á tì. Lónìí, omi tútù tó ń ṣàn, tí a jẹ́ kí ó máa dà sójú iná fún 20 ìṣẹ́jú, ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í sì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ogún ọdún sẹ́yìn ní láti tún un kọ́.

Nàìjíríà kò sí nínú ogun bí irú ti Lọ́ńdọ̀nù lónìí, ṣùgbọ́n jàǹbá ọkọ̀, iná, ilé wíwó àti ìkọlù àwọn agbébọn kì í dájọ́. Red Cross ti wà nílẹ̀ yìí láti ọdún 1917 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin sì sọ ọ́ di ẹgbẹ́ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ní ọdún 1960. Òfin Ìlera ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Òfin ọdún 2017 sì fi kún un pé kí ilé ìwòsàn gba ẹni tí ìbọn bà, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí, àti pé ojúṣe gbogbo ènìyàn ni láti ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin kì í fi ọwọ́ tẹ ojú egbò. Ènìyàn ló ń ṣe é.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń pàdé lóṣooṣù lè ya ìpàdé mélòó kan sọ́tọ̀ lọ́dún, kí ó pe olùkọ́ láti Red Cross tàbí St John. Ó lè yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan ní òpópó kọ̀ọ̀kan tí wọn yóò kọ́ ẹ̀kọ́ náà dójú àmì. Ó lè ra àpótí kan, kí aṣọ mímọ́, ibọ̀wọ́, sáàsì àti iná tọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn sì mọ ilé tí àpótí náà wà. Ó lè kọ orúkọ ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù, orúkọ àwọn tó ní ọkọ̀, àti nọ́ńbà pàjáwìrì 112, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngán ìpàdé. Ní ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń bá ẹ̀yà mìíràn gbé, kí wọ́n pe àwọn aládùúgbò náà sí kíláàsì, nítorí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dé lè má gbọ́ Yorùbá.

Ìrọ̀lẹ́ tí àwọn olùkọ́ àti òǹtajà Lọ́ńdọ̀nù lò ní kíláàsì kí ogun tó dé ni wọ́n jèrè rẹ̀ nígbà tí ilé ń wó. Ìgbà tí ara rọ̀ ni ìgbà ẹ̀kọ́. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ṣàn, kò sí àyè fún kíláàsì mọ́.