Ẹkún Àwa Ará Ojú Ẹlẹ́gbà

Ẹ̀yin ará wa, ta ni lè gbàgbé ọjọ́ 13 oṣù Fẹ́búárì, ọdún 2000? Ní pápá ìṣeré ńlá Súrùlérè, ní ìtòsí wa níbí, Kamẹrúùnù kọ́kọ́ fi góòlù 2 ṣíwájú. Chukwu àti Okocha sì san án padà. Ó di pẹnáritì. Bọ́ọ̀lù Ikpeba lu ọ̀pá òkè, ó bọ́ sẹ́yìn ìlà, ṣùgbọ́n rẹfirí kò kà á. Wọ́n fi 4 sí 3 gba ife mọ́ wa lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbà á ní 1984 àti 1988.

Ọ̀pọ̀ nínú wa di gbogbo ẹ̀bi ru Ikpeba. Ìbínú wa tọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ṣé Kanu náà kò pàdánù tirẹ̀ ni?