Bí wọ́n ṣe ń gbé jíìnì wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ

Sẹ́ẹ̀lì tó ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ kì í pín sí méjì mọ́ tó bá ti dàgbà. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó fẹ́ fi jíìnì tuntun sínú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tí jíìnì ọ̀hún ń ṣe. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn bá ń pín, awọ tó bo kókó àárín rẹ̀, níbi tí DNA wà, máa ń tú fúngbà díẹ̀, jíìnì àlejò á sì ráyè wọlé. Ti sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í tú.

Inú ọpọlọ ọmọ èkúté tí wọn ò tíì bí ni wọ́n ti sábà máa ń mú sẹ́ẹ̀lì yìí. Wọ́n á tò ó sórí dígí nínú abọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á ti yọ ẹ̀ka, á sì ti so mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ní 1973, Frank Graham àti Alex van der Eb gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n ṣì ń lò dòní. Wọ́n á po DNA mọ́ omi kálísíọ̀mù, wọ́n á pò ó mọ́ omi fọ́sífétì títí wóró tín-ín-tín á fi yọ. Wóró náà á balẹ̀ sórí sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì. Bó bá kúnná bí àtíkè, iṣẹ́ ti yá. Bó bá ṣù pọ̀, ó lè pa sẹ́ẹ̀lì. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú 100 sẹ́ẹ̀lì ló máa ń gbà á, àmọ́ èmi ò ka ìyẹn sí àbùkù. Bí jíìnì náà bá jẹ́ èyí tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tàn, tí ẹyọ kan ṣoṣo sì ń tàn yòò láàárín ọ̀pọ̀ tó ṣókùnkùn, èèyàn lè tọ ẹ̀ka rẹ̀ dé ṣóńṣó.

Àwọn mìíràn ń fi iná mànàmáná lu awọ sẹ́ẹ̀lì kí ihò lè ṣí lára rẹ̀. Kí sẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ mọ́ dígí ni wọ́n sábà máa ń ṣe èyí.

Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo abọ́ gba jíìnì, fáírọ́ọ̀sì ló máa lò. HIV, tó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn, mọ bí a ṣe ń wọ kókó sẹ́ẹ̀lì tí kì í pín. Ní 1996, Luigi Naldini àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yọ jíìnì tó fi ń bí sí i kúrò, wọ́n sì fi ìyókù gbé jíìnì wọ ọpọlọ èkúté. Irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ni Ed Boyden àti Karl Deisseroth lò ní Stanford, nínú iṣẹ́ tó jáde ní 2005, láti fi jíìnì ewédò tó ń dáhùn sí ìmọ́lẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ inú abọ́. Bí wọ́n ṣe tan iná aláwọ̀ búlúù sí i, kíá ni sẹ́ẹ̀lì náà jí sí iṣẹ́.

AAV tún wà, fáírọ́ọ̀sì kékeré tí a kò mọ àìsàn kankan mọ́. Ẹrù tó lè gbé kò ju nǹkan bí 4,700 lẹ́tà DNA lọ. Òun ló gbé jíìnì inú Zolgensma, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní May 2019 fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì tí iṣan wọn ń rọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń fà á sára ọmọ, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là.