ÌKÚNLẸ̀ ABIYAMỌ: OHUN TÍ ÒYÌNBÓ RÌN JÌNNÀ LỌ KỌ́, Ó TI WÀ LẸ́NU WA TIPẸ́

Bí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀ tán nílẹ̀ Yorùbá, tí ọmọ kọ̀ tí kò gbọ́, tí ọkọ fárígá, tí ìjà fẹ́ di ti àdá, ìyá àgbà kan á bọ́ síwájú, á di ọmú rẹ̀ mú, á ní: "Mo fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀ ọ́." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn tí kò rọlẹ̀, aráyé á ní ọ̀rọ̀ onítọ̀hún lọ́wọ́ kan nínú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé, ẹni mélòó ló ti bi ara rẹ̀ léèrè rí pé ìkúnlẹ̀ wo tiẹ̀ ni wọ́n ń wí? Kì í ṣe ti ìkíni, kì í sì í ṣe ti àdúrà. Ìkúnlẹ̀ ọjọ́ ìrọbí ni. Lórí orúnkún làwọn ìyá ńlá wa ti ń bímọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí, kó wo oṣé Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Lára ọ̀pọ̀ oṣé táwọn agbẹ́gilére gbẹ́, obìnrin tó kúnlẹ̀ ni ẹ ó bá níbẹ̀, tó ru ẹdùn àrá lórí. Ṣàngó tó ń yọ iná lẹ́nu, obìnrin tó kúnlẹ̀ náà ló ń gbé ẹdùn rẹ̀! Àwọn àgbà tún ní orí ìkúnlẹ̀ ni kálukú ti yan ìpín rẹ̀ lọ́run, òun ni wọ́n ń pè ní àkúnlẹ̀yàn. Ọmọ kúnlẹ̀ yàn án lọ́run, ìyá kúnlẹ̀ gbà á láyé.

ÒYÌNBÓ LỌ KỌ́ṢẸ́ LỌ́WỌ́ AGBẸ̀BÍ

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé, láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn obìnrin òyìnbó kan ti di ẹrù wọn, wọ́n gba inú igbó àti orí òkè lọ, kí wọ́n lè wo bí àwọn obìnrin ìbílẹ̀ ṣe ń bímọ.

Ọ̀kan nínú wọn ni Brigitte Jordan, ọmọ Jámánì tó lọ fìdí kalẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ó lọ bá àwọn ẹ̀yà Maya ní Yucatán, nílẹ̀ Mẹ́síkò, ó ń tẹ̀lé agbẹ̀bí wọn lọ síbi iṣẹ́. Ní 1978, ó tẹ ìwé kan jáde, Birth in Four Cultures, níbi tó ti fi ìbímọ àwọn Maya wé ti Hóláǹdì, ti Sweden àti ti Amẹ́ríkà. Kò fi agbẹ̀bí Maya ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó ka ohun tí ó mọ̀ sí ìmọ̀, bí a ti ń ka ti dókítà.

Èkejì ni Ina May Gaskin. Agbẹ̀bí ni lábúlé kan tí wọ́n ń pè ní The Farm, ní Tennessee, Amẹ́ríkà. Ní 1976 ó dé Guatemala, ó sì bá agbẹ̀bí kan tó jẹ́ ọmọ Belize pàdé. Agbẹ̀bí yìí kọ́ ọ lọ́gbọ́n kan tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ìbílẹ̀ orí òkè Guatemala. Bí orí ọmọ bá ti yọ, tí èjìká wá há, wọn kì í fà á. Ṣe ni wọ́n máa ń ní kí ìyá yí padà, kó fi ọwọ́ àti orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀ bí ẹni tó ń nulẹ̀. Egungun ìbàdí á yẹ̀ díẹ̀, èjìká ọmọ á rọ́nà gbà, ó di gbàà, ọmọ ti sọ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo èjìká tó há o. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín ọmọ àti ikú níbẹ̀. Gaskin gbé ọgbọ́n náà délé, òun àtàwọn dókítà sì ṣe àkọsílẹ̀ obìnrin 82 tí èjìká ọmọ wọn há, tí wọ́n ní kí wọ́n kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1998, 68 nínú wọn ló bí láìjẹ́ pé wọ́n tún dá ọgbọ́n mìíràn sí i. Lónìí, wọ́n ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní ọgbọ́n yìí káàkiri àgbáyé. Orúkọ wo ni wọ́n fún un? "Gaskin" ni. Àwọn ìyá orí òkè tó ni ín ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn.

ILÉ WA NÍBÍ ŃKỌ́?

Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ láyé àtijọ́, obìnrin tó ń rọbí kì í dá wà. Ìyá ọkọ ń bẹ níbẹ̀, ìyàwó ilé tó ti bímọ rí á dì í mú lẹ́yìn, agbẹ̀bí á wà níwájú. Wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀, wọ́n á máa ra á níyìn-ín, wọ́n á máa ṣàdúrà pé kó sọ̀ láyọ̀, kí wọ́n gbóhùn ìyá, kí wọ́n gbóhùn ọmọ. Àgbo tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ á ti wà nínú ìkòkò láti ìgbà oyún.

Àwọn ìyá wọ̀nyí kò mọ ìwé kọ, ṣùgbọ́n wọ́n lójú. Ẹ wo orúkọ àmútọ̀runwá dáadáa, ìwé àkọsílẹ̀ agbẹ̀bí ni. Ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ wá, Ìgè ni. Èyí tí ìwọ́ lọ́ mọ́ lọ́rùn, bó bá jẹ́ ọkùnrin, Òjó ni, bó bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni. Èyí tó wá nínú àpò, Òkè ni. Èyí tó dojú bolẹ̀ wá, Àjàyí ni. Ọmọ tó kọjá oṣù rẹ̀, Ọmọ́pẹ́ ni. Ta ló kọ́kọ́ rí gbogbo èyí, bí kò ṣe agbẹ̀bí tó kúnlẹ̀ ti ìyá ọmọ? Ohun tí dókítà ń kọ sínú fáìlì, orí ọmọ làwọn ìyá wa ń kọ ọ́ sí, ọmọ náà á sì gbé e kiri títí ọjọ́ alẹ́.

BÍ WỌ́N ṢE NÍ KÁ DÙBÚLẸ̀ GBALAJA

Ní 1907, Dókítà George Green, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ló di ilé ìwòsàn ńlá tó wá di ti Yunifásítì Bowen ní 2009. Oore tí ilé ìwòsàn ṣe wá kò kéré. Obìnrin tí ọmọ dábùú nínú rẹ̀, tí kì bá kú sí yàrá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó gbé ọmọ rẹ̀ délé.

Ṣùgbọ́n bí ìwòsàn òyìnbó ti ń tàn kálẹ̀, ibùsùn gíga náà bá a dé. Wọ́n ní kí aboyún fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kó gbẹ́sẹ̀ sókè. Ó rọrùn fún ẹni tó ń gbẹ̀bí, ó ń ríran dáadáa. Fún ẹni tó ń bímọ ńkọ́? Bí aboyún bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ìwúwo ikùn á tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ bá ọmọ á dín kù. Òkè ló tún kù tí ìyá ń ti ọmọ sí, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ lọmọ ń lọ!

Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé, W.H.O., gbé ìlànà jáde pé kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin yan bó ṣe fẹ́ bímọ, ìbáà kúnlẹ̀, ìbáà lóṣòó, kí ẹni tó fẹ́ sì dúró tì í. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ohun tí ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé ti ń ṣe látọjọ́ aláyé ti dáyé ni wọ́n wá kọ sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ẹni tó bá gbọ́ ẹyọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí tó lọ dúró sílé bímọ, ọ̀rọ̀ ò yé e.

Ẹ̀JẸ̀ KÌ Í ṢE OMI

Bí obìnrin bá bímọ tán, kí la máa ń kí i? "Ẹ kú ewu ọmọ." Àwọn àgbà tó dá kíkí yìí sílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ní àwọn ọdún 1920, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan, Ruth Kersey, bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ aláìníyàá ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí kan náà. Kí ló dé tí ọmọ jòjòló fi pọ̀ láìníyàá tó bẹ́ẹ̀? Ikú abiyamọ ni. Ìkúnlẹ̀ nìkan kò lè dá a dúró.

Kò tíì tán nílẹ̀ o. Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100,000 tí wọ́n ń bí láàyè, ìyá 512 ló ń bá a lọ. Nínú ìbímọ 100, 39 péré ló wáyé nílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tó ń yára pa wọ́n jù. Àwọn tó kó àyẹ̀wò jọ ní 2017 rí i pé ìbímọ lórí ìdúró tàbí ìkúnlẹ̀ ń dín lílo abẹ kù, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí obìnrin kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀jẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an lọ́wọ́ agbẹ̀bí ilé kù sí. Orúkọ àmútọ̀runwá sọ bí ọmọ ṣe wá, kò sọ iye ẹ̀jẹ̀ tí ìyá dà. Aṣọ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ náà, ilẹ̀ ló ń mu ún, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Ní 2023, wọ́n gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa. Ọ̀rá kan tí wọ́n sàmì sí ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìyá, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán sí. Bó bá ti dé àmì, kò sí àròyé mọ́: wọ́n á fọwọ́ ra ilé ọmọ, wọ́n á fún un lóògùn àti omi, wọ́n á wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya. Ẹ̀jẹ̀ àyapa, iṣẹ́ abẹ nítorí ẹ̀jẹ̀, àti ikú, dín kù ní 60 nínú 100. Ọ̀rá lásán ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ̀yin èèyàn!

Nǹkan mìíràn tún wà. Bí ibi ọmọ kò bá jáde lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò tún kan ká ní kí obìnrin máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ìgò, kò sì kan ká máa fa ìwọ́. Ọkọ̀ ló kàn. Àgbo tó ń mú ìrọbí yá lè fa ilé ọmọ ya. Abẹ tí kò mọ́ lè kó tẹ́tánọ́ọ̀sì bá ọmọ, kí àgbọ̀n rẹ̀ dì pa kó má lè mu ọmú mọ́. Ọṣẹ ìfọyín tàbí epo tí wọ́n ń fi sí ìdodo kì í ṣe oògùn rẹ̀.

TA NI YÓÒ KỌ́ TA?

Ìpínlẹ̀ Òndó gbìyànjú ẹ̀ wò. Nígbà tí Olúṣẹ́gun Mimiko ń ṣe gómìnà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní 2009, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Agbẹ̀bíyè dé. Wọn kò lé àwọn ìyá agbẹ̀bí dànù. Wọ́n ń fún wọn ní owó ìṣírí fún aboyún tí wọ́n bá mú wá sílé ìwòsàn, wọ́n sì kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ mìíràn kí ebi má bàa pa wọ́n. Ìyẹn fi ọ̀wọ̀ fún wọn, ó sì gba ẹ̀mí là.

Bí aboyún Ọ̀yọ́ ṣì ń sá lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ilé, kì í ṣe òmùgọ̀. Agbẹ̀bí mọ ìyá rẹ̀, ó ń gba owó díẹ̀díẹ̀, kì í jágbe mọ́ ọn, ó sì ń jẹ́ kó kúnlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí obìnrin wá sọ́dọ̀ òun, kó kọ́ nǹkan mẹ́rin yẹn lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ìyá àgbà náà, kó kọ́ bí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ àti ìgbà tó yẹ ká pe ọkọ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Òyìnbó fò kọjá òkun kó tó mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ dára. Láti ilé agbẹ̀bí sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kadà kan gbé e dé. Kí wọ́n bẹ ara wọn wò, jàre.

Ẹ̀yin ìyá tó kúnlẹ̀ bímọ rí, ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú oyún, ẹ ó sọ̀ láyọ̀ o, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.