Bọ́dì ọkọ̀ Ìjàpá àtijọ́: Abẹ́ ọ̀dà ni èrè wà

Láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó, èèyàn lè rí bọ́dì ọkọ̀ Volkswagen àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n gbé tì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tàbí sínú ọgbà ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, àlòkù irin lásán ni. Ṣùgbọ́n ọjà gidi ni fún panẹ́bítà, wẹ́dà àtàwọn tó ń fín ọ̀dà sí mọ́tò. Ohun tó ń kó wọn sí gbèsè ni pé wọ́n máa ń díye lé iṣẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà.

Ìdí tó fi níye lórí

Ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Bàdágírì. Títí dòní ni wọ́n ń pe ibùdókọ̀ tó wà níbẹ̀ ní Volks. Jámánì ti dáwọ́ ṣíṣe Ìjàpá dúró tipẹ́. Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe é kẹ́yìn lágbàáyé, lọ́jọ́ 30, oṣù Keje, ọdún 2003, lẹ́yìn tí iye tí wọ́n ṣe ti lé ní mílíọ̀nù 21. Aṣọ́bodè kò sì gbà kí wọ́n kó àlòkù ọkọ̀ tó ti ju ọdún 12 lọ wọ Nàìjíríà. Nítorí náà, ńṣe ni èyí tó wà nílẹ̀ yóò máa dín kù. Àwọn tó fẹ́ràn ohun àtijọ́, àwọn tó ń yá mọ́tò fún ìgbéyàwó àtàwọn tó ń ṣe fíìmù ìgbà àná lè di oníbàárà.

Ibi tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò

Bóòtù ni wọ́n fi so bọ́dì Ìjàpá mọ́ pèpéle irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bóòtù náà ni wọ́n fi de mọ́dígáàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí ló jẹ́ kó rọrùn láti pààrọ̀ ọ̀kan láì jó irin rárá, kò sì yẹ kí mọ́dígáàdì tó tẹ̀ ba èèyàn lẹ́rù.

Ohun tó ń jẹ owó ni irin tó ti dógùn-ún. Ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n wò ni irin oníhò gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì. Òun ló gbé bọ́dì ró, bó bá sì ti jẹrà, ilẹ̀kùn kò ní pa dé dáadáa mọ́. Ìkejì ni abẹ́ àga ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì máa ń wà, nítorí omi bátìrì a máa jẹ irin. Ìkẹta ni ilẹ̀ ọkọ̀ tí rọ́ọ̀gì bò. Ìkẹrin ni ihò táyà àfirọ́pò lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì iwájú, tí omi òjò máa ń dárogún sí. Kí wọ́n fi sukudiráfà gún ibẹ̀ wò, kí wọ́n sì mú mágínẹ́ẹ̀tì dání. Níbi tí filler bá ti nípọn jù, mágínẹ́ẹ̀tì kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Kòtò kékeré ni filler wà fún, kì í ṣe ihò. Bí wọ́n bá fi dí ihò, omi yóò gba ẹ̀yìn wọlé, ọ̀dà yóò wú, oníbàárà á sì dá ọkọ̀ padà. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n gé irin tó ti jẹrà kúrò, kí wọ́n jó tuntun sí i, kí wọ́n sì kun ọ̀dà tó ń dènà ìdógùn-ún. Lẹ́yìn èyí ni filler tín-ín-rín, sáńpépà àti ọ̀dà àṣekẹ́yìn tó kàn. Kí ẹni tó ń fín ọ̀dà lo ìbòjú tó ń sẹ́ èéfín. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú kò tó.

Bí wọ́n ṣe ń díye lé e

Ó sàn kí wọ́n pín owó iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba owó tí wọ́n á fi tú ọkọ̀, tí wọ́n á fi họ ọ̀dà rẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti jẹrà, kí wọ́n tó sọ iye tí iṣẹ́ irin àti ọ̀dà máa jẹ́.

Ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní panẹ́bítà kan gba iṣẹ́ ní N400,000 láì tíì họ ọ̀dà, tó sì rò pé N280,000 lòun máa ná. Èrè N120,000 ló ń retí. Bó bá wá rí i pé abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì ti jẹrà, tí irin, gáàsì àti owó wẹ́dà sì gba N150,000 lé e, ó ti fi N30,000 ṣòfò, kò sì tíì ka ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́ náà.

Ìwé ọkọ̀

Ara pèpéle ìsàlẹ̀, lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ni wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣáásì sí. Ẹni tó bá ra bọ́dì nìkan kò tíì ní ìwé ọkọ̀. Bí wọ́n bá gbé bọ́dì kan lé pèpéle mìíràn, nọ́ńbà pèpéle yẹn ló gbọ́dọ̀ bá ìwé mu. Kí wọ́n gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí wọ́n sì yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti ha nọ́ńbà náà, kí wọ́n fi ọjà ọ̀hún sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́kú tó.

Kò pọn dandan kí ṣọ́ọ̀bù kan dá gbogbo iṣẹ́ yìí ṣe. Panẹ́bítà, wẹ́dà, ẹni tó ń fín ọ̀dà àtẹni tó ń rán ìjókòó lè pawọ́ pọ̀ ra bọ́dì kan. Kí wọ́n tà á kí wọ́n tó ra èkejì, nítorí owó tó há sínú irin kò ṣeé san owó ṣọ́ọ̀bù.